Páálí Oníhò Ọ̀gá Mo-Ti-Mọ̀-Ọ́n

Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí jókòó sórí àga ńlá fún ọdún mọ́kànlá láìbéèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Òun ni Ọ̀gá Àgbà fún gbogbo ilé-ìwé girama ìjọba ní ìlú rẹ̀, orúkọ àti oyè rẹ̀ sì gùn débi pé ìlà mẹ́ta ni wọ́n fi kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀. Àmọ́ kò sẹ́ni tó ń lo ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó bá ti kọ̀yìn. Mo-Ti-Mọ̀-Ọ́n ni wọ́n ń pè é, nítorí ohun tó máa ń sọ nìyẹn kí èèyàn tó la ẹnu tán. Bí wọ́n bá ní òrùlé ilé-ìwé kan ti ṣí, á ní òun ti mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá ní bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ló wà ní ẹsẹ̀ òsì, á ní òun ti mọ̀ ọ́n, á sì máa tiro kiri títí di ìrọ̀lẹ́ kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ìròyìn ló jẹ́ fún òun.

Ohun kan wà lórí tábìlì rẹ̀ tí ẹ kò lè rí lórí tábìlì ẹlòmíì. Páálí pẹlẹbẹ kan ni, ó fẹ̀ tó ojú ìwé kan, wọ́n sì gé ihò tóóró sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ lápá ọ̀tún. Bí ìwé bá wá fún ìbuwọ́lù, akọ̀wé àgbà á gbé páálí yìí lé e lórí. Gbogbo ọ̀rọ̀ inú ìwé á bò mọ́lẹ̀, kìkì àyè ìbuwọ́lù ló máa hàn nínú ihò. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló pa á láṣẹ bẹ́ẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ ń da ojú òun láàmú, àti pé ohun yòówù tó bá wà nínú ìwé, òun ti mọ̀ ọ́n. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á ti buwọ́ lu ogójì ìwé, á wá fẹ̀yìn ti àga, á mí kanlẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àáké la igi tán.

Akọ̀wé àgbà ní tirẹ̀ jẹ́ ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ku ọdún méjì kó fẹ̀yìn tì. Ohun méjì ló gbàgbọ́: pé àpò òsì ni kí bírò máa wà, àti pé ohun tí wọ́n bá kọ sílẹ̀ ni kí wọ́n ṣe. Kì í fi kún un, kì í yọ níbẹ̀. Ẹ fi ọkùnrin yìí sọ́kàn fún mi.

Lọ́jọ́ kan, lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ Mínísítà ètò ẹ̀kọ́. Obìnrin náà kọ̀wé pé òun fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn ọmọ ilé-ìwé girama ṣì ń fẹ́ mọ nǹkan, tàbí ńṣe ni wọ́n kàn ń há ìwé sórí. Ó ní òun máa wá fúnra òun lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n bá rí fún òun. Nítorí òǹtẹ̀ pupa tó wà lára lẹ́tà náà, ọ̀gá gbà kí akọ̀wé kà á sí òun létí láti òkè dé ìsàlẹ̀, nǹkan tí kò ṣẹlẹ̀ rí.

Ọ̀gá fi ọwọ́ lu tábìlì. "Ìfẹ́ àtimọ̀," ó wí. "A óò wọ̀n ọ́n."

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń ka èyí, ohun tó ń sọ nìyẹn tí ẹ̀yin máa ń pè ní ojúmìító nígbà tó bá jẹ́ ọmọ tiyín ló ń ṣe é. Akọ̀wé béèrè báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ wọ̀n ọ́n. Ọ̀gá ní òun ti mọ̀ ọ́n. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló gbà kó tó mọ̀ ọ́n.

Ohun tó jáde ni ìwé olójú-ewé mẹ́rin kan tí wọ́n pè ní Òṣùwọ̀n Ìfẹ́ Àtimọ̀. Ọgọ́ta gbólóhùn ló wà nínú rẹ̀. Gbólóhùn kan ní, "Mo fẹ́ràn láti mọ nǹkan." Òmíràn ní, "Inú mi máa ń dùn sí ohun tuntun." Iwájú gbogbo wọn ni àpótí kéékèèké márùn-ún wà, láti "rárá o" títí dé "bẹ́ẹ̀ ni gan-an," kí ọmọ fi àmì sí èyí tó bá a mu. Máàkì ọgọ́rùn-ún ni ó pé.

Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta ló kọ òfin tó tẹ̀ lé e. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ béèrè ìbéèrè nínú yàrá tí wọ́n bá ti ń wọn ìfẹ́ àtimọ̀, torí pé ìbéèrè ń dá ìwọ̀n rú. Ìbéèrè kan ṣoṣo, máàkì márùn-ún lọ. Mo mọ̀ pé ẹ máa fẹ́ tún ibẹ̀ yẹn kà. Ẹ tún un kà, bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni wọ́n ṣe kọ ọ́. Wọ́n ní ìwé tó bá ṣófo, òdo ni. Wọ́n ní ẹni tó bá gba òdo gbọ́dọ̀ fi ibi tó wà sílẹ̀, kó lọ jókòó sí Kíláàsì Ìtanijí, kó má sì fẹsẹ̀ kan yàrá sáyẹ́ǹsì kankan, kó má baà kó òdo ran àwọn yòókù. Ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ náà, tíṣà sáyẹ́ǹsì kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ló wá fi ìlà kan sí ìparí rẹ̀: ẹni tó bá wọ kíláàsì náà kò ní jáde níbẹ̀ àfi tó bá béèrè ohun kan tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ ìdáhùn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan péré ni ọ̀gá dá sí nínú gbogbo rẹ̀. Wọ́n ti kọ "akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gba òdo." Ó ní ọ̀rọ̀ náà kéré, ó ń rùn bíi ṣọ́ọ̀kì. Ó ní kí wọ́n fi "ẹnikẹ́ni" rọ́pò rẹ̀, kí òfin òun lè fẹ̀ bí òun alára ṣe fẹ̀. Ó wá buwọ́ lù ú nínú ihò páálí.

Ọjọ́ tí wọ́n ṣí òṣùwọ̀n náà, gbogbo ọ̀gá ilé-ìwé péjọ. Ẹni àkọ́kọ́ tó dìde ní oòrùn ò ní ìdí méjì tó fi ń yọ láàárọ̀ ju pé kó lè rí Ọ̀gá Àgbà. Ẹnì kejì ní kò sí ohun tí òun tún lè fi kún ìyẹn, ó sì fi ìdajì wákàtí sọ ohun tí kò sí náà. Nígbà tí ọ̀gá sín láàárín ọ̀rọ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá dìde, ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti dá ilé-ìwé sílẹ̀ láyé, kò tíì sí ẹni tó rò ó débi tí òun rò ó dé, àti pé ọjọ́ ń bọ̀ tí wọn óò máa wọn ìfẹ́ àtimọ̀ àwọn ọmọ tó ṣì wà nínú oyún.

"Olórí ló ń ṣíwájú," ó wí. "Ìwé nọ́ńbà kìíní, èmi ni kí ẹ kọ orúkọ mi sí i. Ẹ má fún ẹlòmíì."

Akọ̀wé kọ ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí orí ìwé nọ́ńbà kìíní, ó gbé e kalẹ̀, ó gbé páálí lé e. Ọ̀gá buwọ́ lù ú, ó dúró bẹ́ẹ̀ kí wọ́n lè ya fọ́tò rẹ̀. Akọ̀wé tẹ̀ síwájú díẹ̀, ó rọra sọ pé àwọn àpótí inú rẹ̀ ṣófo.

"Mo ti mọ̀ ọ́n," ni ọ̀gá wí láìwo ẹ̀yìn.

Akọ̀wé fi ìwé náà sínú àpò tí wọ́n máa kó àwọn ìwé yòókù sí. Níbi tí wọ́n sọ pé kí gbogbo ìwé wà nìyẹn.

Ní ilé-ìwé kan tó wà lẹ́yìn ibùdókọ̀, ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì sáyẹ́ǹsì tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè ní Kí-Ló-Fà-á. Aránṣọ ni ìyá rẹ̀. Ọmọ náà gbin ẹ̀wà sínú agolo mẹ́ta, ó tò wọ́n sójú fèrèsé yàrá sáyẹ́ǹsì. Láràárọ̀ á yí agolo kan padà kí orí ẹ̀wà náà lè kọ̀yìn sí fèrèsé. Tó bá di ọjọ́ kejì, ẹ̀wà náà á ti tún yíjú sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Kí-Ló-Fà-á á fi rúlà wọ̀n ọ́n, á kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ló ti kọ láìfo ọ̀kan. Kò sí ohun mìíràn tó ń rò láyé ní gbogbo àsìkò yẹn, ó sì ti sọ fún ìyá rẹ̀ pé tóun bá fo ọjọ́ kan, gbogbo rẹ̀ bàjẹ́ nìyẹn.

Nígbà tí wọ́n kó òṣùwọ̀n dé, ọ̀pọ̀ tíṣà ti kọ́ àwọn ọmọ pé kí wọ́n fi àmì sí àpótí karùn-ún láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí wọ́n sì dákẹ́. Wọ́n sọ fún Kí-Ló-Fà-á náà. Ó gbìyànjú. Àmọ́ nígbà tó dé ibi tí wọ́n kọ "Mo fẹ́ràn láti mọ nǹkan," ọwọ́ rẹ̀ lọ sókè fúnra rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, nǹkan wo?"

Ẹni tó ń wọ̀n wọ́n ní máàkì márùn-ún ti lọ. Ọmọ náà béèrè pé kí ló fà á. Márùn-ún mìíràn lọ. Ó béèrè ìdí tó fi jẹ́ pé pẹ́ńsùlù ni kì í ṣe bírò, ta ló máa ka ìwé náà, àti bóyá ẹni tó kọ àwọn gbólóhùn náà ti dáhùn wọn rí. Kí agogo tó lù, ó ti béèrè mẹ́tàdínlógún. Máàkì tí àwọn àmì rẹ̀ mú wá jẹ́ márùndínláàádọ́rùn-ún. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Òdo géérégé ni.

Tíṣà sáyẹ́ǹsì rẹ̀, ẹni tó fi ìlà ìkẹyìn sí òfin náà, ló lọ sọ fún ìyá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní ọjọ́ tí Mínísítà bá dé ni ọ̀gá máa buwọ́ lu orúkọ àwọn olódo, láti ọjọ́ náà lọ ni ọmọ náà kò ní wọ yàrá sáyẹ́ǹsì mọ́. Aránṣọ pa ẹ̀rọ tì. Ó kọjá sí ọ́fíìsì tòun ti téèpù tó fi kọ́ ọrùn.

Ọ̀gá gbà á láyè torí ó rò pé wọ́n ti wá wọn òun fún aṣọ ayẹyẹ. Obìnrin náà kí i dáadáa, ó ní nítorí ọmọ òun ni òun ṣe wá.

"Mo ti mọ̀ ọ́n," ni ọ̀gá wí.

"Ẹ ò tíì gbọ́ ọ, sà."

Ọ̀gá ní kò dìgbà tí òun bá gbọ́. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún un bí ìwọ̀n ṣe jẹ́ iṣẹ́ ìjìnlẹ̀ tí orí gbogbo èèyàn kò lè gbé. Aránṣọ dúró kó sọ ọ́ tán.

"Ìwọ̀n ni mo fi ń jẹun, sà," ó wí. "Tí mo bá fẹ́ wọn apá èèyàn, màá ní kó na apá. Ẹ̀yin fẹ́ wọn ohun tó wà lẹ́nu ọmọ, ẹ wá ní kó pa ẹnu dé. Tí ẹ bá ránṣọ fún èèyàn báyìí, ìhòòhò ló máa wọ̀ lọ."

Akọ̀wé àgbà wúkọ́ sínú ọwọ́ rẹ̀, ó ṣe é bí ẹni pé ikọ́ gidi ni. Ọ̀gá ní kí wọ́n sin màmá náà jáde. Bó ṣe ń lọ, ó tún wo ọ̀gá láti èjìká dé ẹsẹ̀, ó ní kò yẹ kí èèyàn tó sanra tó báyìí máa wọ aṣọ tó fún un lọ́rùn, àbí ó ti mọ ìyẹn náà.

Ọjọ́ Mínísítà pé. Gbọ̀ngàn kún. Ilé-ìwé tí gbogbo ọmọ rẹ̀ gba ọgọ́rùn-ún jókòó síwájú, wọ́n tò bí ìgò. Kí-Ló-Fà-á nìkan ló wà lórí àga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, torí ọ̀gá fẹ́ kí àwọn èèyàn rí bí òdo ṣe ń rí. Ìyá rẹ̀ dúró lẹ́yìn níbẹ̀ pẹ̀lú tíṣà sáyẹ́ǹsì.

Ọ̀gá sọ̀rọ̀ títí omi fi tán nínú jọ́ọ̀gì tó wà níwájú rẹ̀. Ó ní ìfẹ́ àtimọ̀ ní gbogbo ìlú ti di ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì ṣeé ṣe kó kọjá bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Mínísítà, ìyá àgbà kan tó wọ gíláàsì, tẹ́tí sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí àwọn ọmọ iwájú.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, kí lẹ fẹ́ mọ̀?"

Wọ́n dìde pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. "A ti mọ̀ ọ́n, mà."

Inú ọ̀gá dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Mínísítà bọ́ gíláàsì, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Ó ní ó dáa, kí wọ́n máa bá ètò lọ.

Ètò tó kù ni ìwé àwọn olódo. Akọ̀wé àgbà gbé e wá, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó gbé páálí lé e bí ó ti máa ń ṣe. Ọ̀gá fa bírò yọ, ó gbé e sókè kí gbogbo èèyàn rí i, ó buwọ́ lù ú lọ́nà tí ìrù ìbuwọ́lù náà fi jáde kúrò nínú ihò. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ohùn kan wá láti ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ó tutù, kò sì yára.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló wà lábẹ́ páálí yẹn?"

Ọ̀gá ilé-ìwé kan na ìka sí i pé kó dákẹ́, ṣùgbọ́n Mínísítà gbé ọwọ́ sókè, ó wo ọ̀gá.

"Ìbéèrè tó dáa ni. Kí ló wà lábẹ́ rẹ̀?"

"Mo ti mọ̀ ọ́n, mà."

"Mo gbà pé ẹ ti mọ̀ ọ́n. Èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n. Ẹ sọ fún mi."

Ọ̀gá ní orúkọ ni. Mínísítà ní orúkọ ta ni. Ọ̀gá ní orúkọ àwọn tó yẹ. Òógùn ti ń ṣàn wọ kọ́là tó fún un lọ́rùn. Mínísítà na ọwọ́, ó sì ṣí páálí náà bí ẹni ṣí ìdérí ìkòkò.

Orúkọ méjì péré ló wà níbẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni ti Kí-Ló-Fà-á. Ti òkè ni Mínísítà kọ́kọ́ kà, ó kà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó mí lẹ́yìn ìlà kejì, ó ka ìlà kẹta. Ẹ̀yin náà ti mọ ilẹ̀kùn tí wọ́n kọ ìlà mẹ́ta yẹn sí.

Aránṣọ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì gba inú gbọ̀ngàn kọjá láti ẹ̀yìn dé iwájú. Kódà àwọn ọmọ ọlọ́gọ́rùn-ún rẹ́rìn-ín, wọ́n ń wo tíṣà wọn bóyá ó wà nínú ètò. Ọ̀gá yíjú sí akọ̀wé, ó ní ta ló ṣe irú nǹkan báyìí.

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n kọ orúkọ yín sí ìwé nọ́ńbà kìíní, sà," ni akọ̀wé wí. "Mo sọ fún yín pé ó ṣófo. Òfin ní èyí tó bá ṣófo, òdo ni. Òfin ní ẹnikẹ́ni, sà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni a kọ́kọ́ kọ síbẹ̀."

Mínísítà béèrè bóyá ìbuwọ́lù ọ̀gá nìyẹn lóòótọ́. Gbogbo gbọ̀ngàn ti rí i nígbà tó ń ṣe é. Mínísítà ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ẹni tó gba òdo gbọ́dọ̀ fi ibi tó wà sílẹ̀, òun náà kò lè dá òfin tí wọ́n ti buwọ́ lù padà. Ó wá béèrè bí wọ́n ṣe ń jáde nínú kíláàsì náà. Akọ̀wé ka ìlà ìkẹyìn.

"Ṣé dandan ni kó jẹ́ inú kíláàsì ló ti béèrè?"

Akọ̀wé tún ìlà náà kà nínú ara rẹ̀. "Wọn ò kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, mà."

"Ọmọ yìí ti jáde nìyẹn," ni Mínísítà wí. "Kó tiẹ̀ tó wọlé."

Kí-Ló-Fà-á béèrè bóyá òun lè máa lọ, torí òun kò tíì yí agolo òun lónìí.

Bí àga ọdún mọ́kànlá ṣe bọ́ lọ́wọ́ ọ̀gá nìyẹn. Ní ọ́fíìsì, wọ́n gbé páálí fún akọ̀wé àgbà pé kó fi pamọ́. Kò rí fáìlì tó bá a mu, torí náà ó gbé e lọ fún Kí-Ló-Fà-á, ẹni tó béèrè rẹ̀. Ọmọ náà wò ó síwá sẹ́yìn, inú rẹ̀ dùn. Ó gbé ẹ̀wà kan sínú àpótí tó dúdú, ó fi páálí náà dé e.

Kíláàsì Ìtanijí wà ní yàrá tí wọ́n ń kó àga kíkán sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá sáyẹ́ǹsì. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ sí i pé ibẹ̀ ni kó wà, láìwo ibẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ kò ju ọ̀gá nìkan lọ, tíṣà sáyẹ́ǹsì ló sì ń kọ́ ọ. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ó béèrè pé, "Ṣé ẹ mọ irú ẹni tí mo jẹ́?" Tíṣà béèrè bóyá òun fúnra rẹ̀ mọ ìdáhùn rẹ̀. Ó ní òun mọ̀ ọ́n dájú. Tíṣà ní ìyẹn kò kà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n fi wà lórí ìbéèrè yìí.

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, níwájú fèrèsé yàrá sáyẹ́ǹsì, torí kò gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀. Ó ń wo páálí rẹ̀. Ó rí i tí nǹkan kan ń yọ láti inú ihò ibi tí ìbuwọ́lù òun ti máa ń wà. Lọ́jọ́ kejì ó gùn sí i. Lọ́jọ́ kẹta, ó ní ewé méjì. Ó dúró, ó lọ, ó tún padà wá. Ó la ẹnu láti sọ pé òun ti mọ̀ ọ́n, ọ̀rọ̀ náà kò jáde.

"Ọmọ," ó wí níkẹyìn, "inú òkùnkùn ló wà. Báwo ló ṣe mọ̀ pé ihò wà níbẹ̀?"

Kí-Ló-Fà-á gbójú sókè láti ara rúlà rẹ̀. "Mi ò tíì mọ̀, sà. Ohun tí mò ń wá gan-an nìyẹn."

Tíṣà ti gbọ́ láti ẹnu ọ̀nà. Ó ránṣẹ́ pe akọ̀wé àgbà, ẹni tó gbé ìwé ìjáde wá, tó sì fi bírò sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àyè ìbuwọ́lù wà nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, níbi tó ti máa ń wà.

Ọkùnrin náà mú ìwé náà. Ó wá gíláàsì rẹ̀ jáde nínú àpò, ó wọ̀ ọ́. Ó ka ìlà àkọ́kọ́, ó ka èkejì. Nígbà tó dé ìkẹta, ó fi ìka sí i, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ní lọ́kàn níbí?"

Akọ̀wé ṣàlàyé fún un. Ó tún béèrè òmíràn. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó buwọ́ lù ú. Akọ̀wé àgbà wo aago, ó sì fi bírò padà sí àpò òsì rẹ̀. Ìwé kan ṣoṣo, ìṣẹ́jú mẹ́wàá.